Kí Ẹ Tó Fọ́ Ọmọ Létí

Ọmọ fọ́ àwo. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ọwọ́ òbí ti ba etí rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Nínú ihò etí ni awọ kan wà tí ó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Òun ni í máa gbọ̀n bí ohùn bá kàn án, tí a fi ń gbọ́rọ̀. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí, afẹ́fẹ́ a rọ́ wọ inú ihò náà, ó sì lè fa awọ yìí ya. Etí a máa dun ọmọ, ẹ̀jẹ̀ lè jáde, kò sì ní gbọ́rọ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe kán òróró tàbí omi sí i. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìbínú a máa mú kí àyà yára lù, ọwọ́ a sì yá ju ọgbọ́n lọ. Nítorí náà, bí inú bá bí yín, ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó bi ọmọ bí ó ti jẹ́, kí ẹ sì bá a wí.

Àwo mìíràn wà lọ́jà. A kì í ta etí níbẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.