Kíkó Nọ́ńbà sínú Array àti Títẹ̀ Wọ́n Jáde

Bí olùkọ́ kan bá fẹ́ fi máàkì ọmọ márùn-ún pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó lè fún máàkì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ náà bá di ẹgbẹ̀rún kan ńkọ́? Ta ni yóò jókòó sọ ẹgbẹ̀rún orúkọ? Ìdí nìyí tí a fi ń lo array. Array ni ọ̀wọ́ àyè tí ó tò tẹ̀lé ara wọn nínú ibi ìrántí kọ̀ǹpútà, bí ilé ti ń tò ní etí òpópónà: orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́, nọ́ńbà ni ó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Loop sì ni àṣẹ tí ń rìn láti ojúlé dé ojúlé. Nínú èdè C, tí Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́:

int maaki[5], i;
for (i = 0; i < 5; i++) scanf("%d", &maaki[i]);
for (i = 0; i < 5; i++) printf("%d\n", maaki[i]);

Ìlà kìíní pèsè àyè márùn-ún, àti i tí yóò máa ka ìṣísẹ̀. Nínú ìlà kejì, i bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì kéré sí 5, kọ̀ǹpútà yóò gba nọ́ńbà kan, yóò fi í sí àyè tí i ń tọ́ka sí, yóò sì fi ọ̀kan kún i. Ìlà kẹta tún ọ̀nà kan náà rìn láti tẹ̀ wọ́n jáde. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti dá i padà sí òdo kò ní rí nǹkan kan, nítorí i ti di 5 kí títẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Òpin ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yọ̀. Àyè márùn-ún ni ó wà, síbẹ̀ nọ́ńbà èyí tí ó kẹ́yìn jẹ́ 4. (Ẹni tí ó ń ná ọjà ọrọọrún kò ní ṣe kàyéfì: ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà náà ń pé, nítorí a ń ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn.) Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ i <= 5, loop yóò wọ àyè kẹfà, tí kì í ṣe ti array náà. Èdè C kò ní dá a dúró. Ohun yòówù tí ó wà níbẹ̀ ni yóò bàjẹ́.

Ìbàjẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell, tú ètò kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí ó gbà wọlé ni fingerd, ètò kan tí ó ní array oníbáìtì 512. Àṣẹ tí ń kó lẹ́tà sínú rẹ̀, gets, kì í wo òpin. Báìtì 536 ni ètò Morris fi ránṣẹ́. Àwọn 24 tí ó ṣẹ́kù ṣàn kọjá, wọ́n sì bo ibi tí a kọ ọ̀nà àbọ̀ sí, kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìfẹ́ àlejò. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yunifásítì ni kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ní 1990, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn 10,050 dọ́là fún Morris. Ní 2011 ni a tó yọ gets kúrò nínú ìlànà èdè C.