Ẹ̀KỌ́ OÚNJẸ: IGBÁ ẸLẸ́YIN ÀWỌN ARÁ FÍLÍPÍÌNÌ

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Oko tí a fẹ́ dé lónìí jìnnà díẹ̀. Ilẹ̀ Fílípíìnì ni, ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, níbi tí erékùṣù tó ju 7,000 lọ ti para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Igbá ni a fẹ́ lọ wò níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń sun ún, tí wọ́n ń fi ẹran sí i, tí wọ́n sì ń fi ẹyin dín in.

Kí a tó dáná, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Igbá kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tí àwọn òbí wa mọ̀, tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, tó rí bí ẹyin, tí àwọn mìíràn ń pè ní ikàn, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Èyí tó ní àwọ̀ elésè-àlùkò, láti Éṣíà ló ti wá. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àwa tí a dàgbà sí Òkè Ọya, yalo tí àwọn Hausa ń pè é ló tètè ń yọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa. Kò burú, ọjà kò ní tà bí a kò bá gbọ́ ara wa. Ṣùgbọ́n bí a bá délé, kí a rántí pé igbá ni.

Àwọn ará Fílípíìnì rántí tiwọn. Bí wọ́n bá fi ẹyin nìkan dín igbá yìí, tortang talong ni. Bí wọ́n bá fi ẹran kún un, ó di rellenong talong. Sípéènì ló jọba lé wọn lórí láti ọdún 1565 títí di 1898, ọ̀pọ̀ orúkọ oúnjẹ ló sì fi sílẹ̀ fún wọn. Torta àti relleno, ọ̀rọ̀ Sípéènì ni méjèèjì. Relleno ni ohun tí a ki nǹkan sí nínú. Ṣùgbọ́n berenjena ni àwọn ará Sípéènì ń pe igbá, ìyẹn ni àwọn ará ibẹ̀ kò gbà. Lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé, talong náà ni wọ́n ń pè é di òní. Ẹni tó gba ọ̀nà ìsebẹ̀ lọ́wọ́ àlejò, tí kò sì fi orúkọ ohun tó ń sè tọrẹ, ó yẹ kí àwa tí à ń sọ Yorùbá láàárín èdè mìíràn wò ó dáadáa.

Ẹ tún wo ng tó so torta mọ́ talong. Ní èdè Tagalog, bí ọ̀rọ̀ bá parí sí fáwẹ̀lì, ng ni wọ́n fi ń so ó mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Àwa náà ní ohun tó jọ ọ́, bí a kì í tilẹ̀ sábà kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ pe "ilé Táyé" sókè, ẹ ó gbọ́ pé fáwẹ̀lì ìparí ilé gùn sí i: "ilée Táyé". Ẹni tó ń kọ́ gírámà lè mú un lọ bá olùkọ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ìdáná. Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ ra igbá elésè-àlùkò mẹ́rin tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí igi ìdí rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ẹyin mẹ́rin, ẹran lílọ̀ ìdá mẹ́rin kílò kan, àlùbọ́sà kan, aáyù ẹyọ mẹ́ta, tòmátì méjì, kárọ́ọ̀tì kékeré kan, iyọ̀ àti òróró. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí erékùṣù Mindanao kì í jẹ ẹ́, ẹran màlúù sì dára púpọ̀ fún un. Òun ni kí ẹ lò, kí ìkòkò kan lè bọ́ gbogbo ẹgbẹ́ wa. Ata rodo kò sí nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí kò lè ṣe aláìfi sí i, a kò ní mú un lọ sí kóòtù.

Iná ni gbogbo adùn oúnjẹ yìí. Àwọn kan máa ń bọ igbá náà nínú omi nítorí ìkánjú. A kò gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí òórùn èéfín tó ń wọ inú igbá ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹyin díndín lásán. Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un lójú méjì mẹ́ta kí ó má baà bẹ́, kí ẹ gbé e lé orí wáyà tí wọ́n fi ń yan ẹja, lórí èédú tó pọ́n. Ẹ máa yí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí èèpo rẹ̀ yóò fi dúdú, tí ara rẹ̀ yóò sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é o! Ẹ má ṣe gbé ààrò èédú wọ inú yàrá, ì báà jẹ́ ìgbà òtútù ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń tú jáde kò ní òórùn, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun.

Ẹ fi ọmọrí bò ó nínú abọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èèpo náà yóò rọrùn láti bó. Ẹ má gé igi ìdí rẹ̀, òun ni èèkù tí ẹ ó fi dì í mú. Ẹ má sì fi omi ṣan án, ẹ ó ṣan èéfín náà lọ ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo, kí ẹ fi ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí yóò fi fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ rọra o, bí ó bá ya kúrò lára igi ìdí rẹ̀, ó di ẹyin pípò nìyẹn.

Aáyù, àlùbọ́sà àti tòmátì ni ẹ ó kọ́kọ́ dín, kí ẹ tó da ẹran àti kárọ́ọ̀tì tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i. Ó gbọ́dọ̀ jinná, kí omi rẹ̀ gbẹ, kí ó sì tutù, nítorí ẹran gbígbóná yóò se ẹyin kí ó tó dé inú òróró. Ẹ po ẹyin pẹ̀lú iyọ̀, kí ẹ ri igbá bọ inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú òróró tó ti gbóná níwọ̀nba. Ẹ fi ṣíbí tẹ́ ẹran lé e lórí, kí ẹ da ẹyin díẹ̀ sí i kí ó lè dì í mú. Ẹ má yí i títí abẹ́ rẹ̀ yóò fi dì. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè fi àwo dé e, kó dojú páànù délẹ̀ sórí àwo, kó sì tún rọra tì í padà sínú òróró.

Ìrẹsì funfun ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ketchup tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe dípò tòmátì. Maria Orosa ni wọ́n ń kà sí ẹni tó ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀. Amẹ́ríkà ni obìnrin yìí ti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì padà wá fi ìmọ̀ rẹ̀ sọ àwọn ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wọn di oúnjẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣètò oúnjẹ fún àwọn tí wọ́n há mọ́ ọgbà Yunifásítì Santo Tomas ní Manila. Nínú ìjà tó jó ìlú náà ní oṣù Kejì ọdún 1945 ni ó kú sí.

Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Igi ìdí rẹ̀ nìkan ni a kì í jẹ. Ẹ tò ó sí etí àwo, ibẹ̀ la ó ti mọ ẹni tó jẹ méjì.