Má Jẹ́ Kí Gbogbo Ilé Mọ Iye Tó Wà Ní Báńkì Rẹ

Àbúrò mi, ta ló ń ka àlááàtì báńkì fún ọ báyìí? Ṣé àkọ́bí rẹ ni, àbí ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ? N kò ní kí o bá wọn jà o, inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí glọkómà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú rẹ láti ẹ̀gbẹ́ wá, kò sí ohun tó wọ fóònù rẹ tí ilé kò gbọ́: iye tí o tà, ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè, ohun tí ìyá wa sọ nípa àwọn ará ilé ọkọ rẹ. Ìwọ tí o ti ń ná owó ara rẹ láti ọjọ́ tí o ti ń ta ata ní Mile 12! Àṣírí rẹ ni kí a kọ́kọ́ gbà padà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìwé lè tẹ̀lé e.

O kò ní ra ohun tí yóò máa ka fóònù fún ọ. Ó ti wà nínú fóònù Android ọwọ́ rẹ yẹn, TalkBack ni wọ́n ń pè é. Ti iPhone ń jẹ́ VoiceOver, ọdún 2009 ni àwọn méjèèjì sì dé orí fóònù. Ní kí ẹnì kan bá ọ wọ Settings, kí ó wá Accessibility, kí ó tan TalkBack. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ó wá Android Accessibility Suite ní Play Store. Láti ìgbà náà lọ, ibikíbi tí ìka rẹ bá bà lójú fóònù, yóò pe orúkọ rẹ̀ sí ọ létí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì wàrà-wàrà ni yóò ṣí i. Fi ìka kan gbá ojú fóònù sí ọ̀tún, yóò bọ́ sórí ohun tó kàn. Gbá a sí òsì, yóò padà sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò máa ṣe ọ́ bíi kí o jù ú sínú odò Ògùn. Dín ìkánjú ohùn náà kù, mú ohùn Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà tí o bá rí i níbẹ̀, kí o sì máa fi WhatsApp kọ́ ọwọ́, má tíì fi báńkì kọ́ ọ. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n lè bá ọ ṣe é kíá, sọ pé o kò kánjú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í sọ fúnni nìyí. Ohùn tó ń ka nǹkan fún ọ ń kà á fún gbogbo ẹni tó wà nínú dáńfó pẹ̀lú. Nítorí náà ra íápíìsì, kí o sì fi sí etí kan ṣoṣo. Etí kejì ni kí ó máa gbọ́ ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìwọ náà mọ bí ojú ọ̀nà Olówóra ṣe rí. Nínú àkójọ TalkBack, wá Hide screen: ojú fóònù yóò ṣókùnkùn biribiri, ohùn yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá ń yọjú láti ẹ̀yìn rẹ kò ní rí ohunkóhun. Lọ́jọ́ tí o bá ka àlááàtì àkọ́kọ́ fúnra rẹ, lọ yí píìnì padà, má sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Owó tí a ń dì mú lọ́wọ́ ní wàhálà tirẹ̀. ₦100, ₦200, ₦500 àti ₦1,000, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n gé gbogbo wọn, ìka kò lè tètè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Àwọn kéékèèké láti ₦5 dé ₦50 nìkan ló kúrú sí wọn. Ká ẹgbẹ̀rún kan ní ìbú, ká ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní òró, kí igba wà ní títẹ́, kí o sì ká wọn kí o tó kúrò níwájú ẹni tó fún ọ. Ní ti POS, èyí tó ní bọ́tìnnì gidi ni kí o wá, nítorí kókó kékeré kan máa ń wà lórí 5 rẹ̀ tí ìka lè bá. Èyí tí ojú rẹ̀ ń dán gbọrọrọ bíi gíláàsì, oní-POS yóò ní, “Màmá, ẹ pe píìnì yín kí n bá yín tẹ̀ ẹ́.” Má pè é. Fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù tìrẹ. Àwọn áàpù báńkì kan wà tí wọn kò fún bọ́tìnnì wọn lórúkọ, “button, button” ni TalkBack yóò máa wí bí ẹni tó ń kálòló. Bí ti báńkì rẹ bá rí bẹ́ẹ̀, lo kóòdù oníràwọ̀, ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà àkáǹtì ti wà lórí rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ó máa ń tètè já.

Kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé tí wọ́n bá fẹ́ fi Yorùbá bá ọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì fóònù yẹn máa ń fọ́ Yorùbá wa yángá-yángá. Ìwé ìpè ìnáwó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ bí àwòrán, ó ṣeé ṣe kí TalkBack má kà á dáadáa. Áàpù kan tó ń jẹ́ Be My Eyes wúlò níbẹ̀. Hans Jørgen Wiberg, ará Denmark tí ojú tirẹ̀ náà kò ríran dáadáa, ló dá a sílẹ̀, ó sì jáde ní 2015. Ẹni tó ríran, tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, yóò fi kámẹ́rà rẹ bá ọ wo nǹkan, ọ̀fẹ́ ni. Láti 2023 ó tún lè ṣàlàyé àwòrán fúnra rẹ̀ láìsí ènìyàn. Fi wo àwọ̀ aṣọ, fi wo ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Káàdì ATM kò gbọdọ̀ dé iwájú kámẹ́rà yẹn.

Mo mọ̀ pé o ṣì ń rí díẹ̀, o sì ń sọ lọ́kàn rẹ pé ó di ìgbà tí kò bá sí mọ́. Rárá o. Ìsinsìnyí tí o ṣì lè yọjú wò ó bí o bá ṣìnà ló yẹ kí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n. Máa kán oògùn rẹ, ẹni tó bá ń gbàdúrà fún ọ kò ní kí o má kán an. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nínú 100 afọ́jú tó ti lé ní ogójì ọdún, kátárákì ló fọ́ ojú nǹkan bí 43, glọkómà fọ́ ti bíi 17. Iṣẹ́ abẹ lè dá ti kátárákì padà, èyí tí glọkómà bá mú lọ ti lọ nìyẹn. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí, nítorí náà èmi àti gbogbo ọmọ ìyá wa gbọ́dọ̀ lọ yẹ ojú wò.

Tí ó bá kan kọ̀ǹpútà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọ́ pé owó ńlá ni. JAWS, tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síni létí, dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ti ọ̀fẹ́ rẹ̀ a máa dákẹ́ lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú títí o ó fi pa kọ̀ǹpútà tan padà. NVDA ni kí o béèrè. Michael Curran, ọmọ Ọsirélíà tí kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé gbé sínú fláàṣì, kí o kì í bọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tàbí ti oníkáfé, kí ó sì máa sọ̀rọ̀. Bí o bá lọ ra tokunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, tẹ bọ́tìnnì Windows, Ctrl àti Enter pa pọ̀ kí o tó sanwó: Narrator inú Windows yóò dáhùn. Bí kò bá dún, ó ṣeé ṣe kí sípíkà ti kú, gbé e padà fún ẹni tó ń tà á. Fi ìka wá F àti J, ilà kékeré kan yọ sókè lórí àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni ìka ìfábẹ̀lá rẹ máa ń gúnlẹ̀ sí. Nínú NVDA, Insert àti F12 yóò sọ aago fún ọ. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Ọ̀nà ṣì wà fún ìwé náà. Láti 2017 ni JAMB ti ní ẹgbẹ́ kan, JEOG, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola jẹ́ alága rẹ̀, tó ń ṣètò ìdánwò àwọn tí kò ríran lọ́tọ̀. Cobhams Asuquo tí gbogbo wa mọ̀ nídìí orin lọ sí Pacelli, ilé ìwé àwọn tí kò ríran, ní Sùúrùlérè, ó sì ka òfin ní Yunifásítì Èkó. Ṣùgbọ́n ìwọ kò wá JAMB. Federal Nigeria Society for the Blind ní ilé ìkọ́ṣẹ́ ní Òṣòdì, bọ́ọ̀sì Òṣòdì kò sì wọ́n ní Berger. Lọ béèrè ìgbà tí wọ́n ń gba ọmọ tuntun. Wọ́n á sọ fún ọ nípa iṣẹ́ ọwọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìwọ tí o ti ń ṣòwò láti kékeré, kọ̀ǹpútà àti ọ̀pá funfun ni kí o kọ́kọ́ béèrè.