Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Fà Lápá Mi, Kí Ni Wọ́n Fẹ́ Fi Ṣe? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ọ̀dọ́ àti Òbí



Nígbà tí a bá lọ ṣe ìpolongo lórí HIV ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, a máa ń rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sá fún àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń gún ìka mọ́. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni abẹ́rẹ́ tí ń wọ apá, àti ìgò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ. Ìyá kan ní Ìníṣà sọ ọ́ lójú wa pé, "Ẹ gún mi níka, mo gbà. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń fà sínú ìgò yẹn, ibo lẹ ń gbé e lọ?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí i lè pa àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣe tì. Ìdí nìyí tí a fi kó àwọn ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ jọ síbí.

Ìbéèrè 1: Ṣé gbogbo àyẹ̀wò HIV ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ lápá?

Ìdáhùn: Rárá. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò ju kí wọ́n gún ìka lọ. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tàbí méjì ti tó, èsì á sì jáde láàárín bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí èsì yẹn bá ní kòkòrò HIV lè wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi oríṣi àyẹ̀wò mìíràn tún un wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ẹni náà ní in. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo kì í dájọ́.

Apá ni wọ́n ti ń fà á nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n nílò bá ju ẹ̀kán lọ. Ẹni tó ti ń lo oògùn HIV, wọ́n fẹ́ mọ iye kòkòrò tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní viral load. Wọ́n tún lè wo bí kídìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ti ọmọ jòjòló tí ìyá rẹ̀ ní HIV, gìgísẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gún nígbà tó bá pé bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí páálí pẹlẹbẹ kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Ìbéèrè 2: Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà yìí pọ̀ o. Ṣé kò ní tán lára mi? Àbí wọ́n ń tà á ni?

Ìdáhùn: Àgbàlagbà ní bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ lára. Ẹ ro ó báyìí: píọ̀ wọ́tà 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà. Ìgò àyẹ̀wò kan kì í sábà gbà ju mílílítà 4 tàbí 5 lọ, ìyẹn ṣíbí kan tí a fi ń ro tíì. Bí wọ́n tilẹ̀ fa ìgò mẹ́ta, ṣíbí tíì mẹ́ta náà ni. Ara á dá a padà.

Ní ti títà, àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára máa ń gba bíi mílílítà 450. Ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò kò tó nǹkan kan lára ìyẹn. Bí wọ́n bá lò ó tán, ìdọ̀tí eléwu ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ run ún lọ́nà tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìbéèrè 3: Báwo ni ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀?

Ìdáhùn: Ní ọdún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí iṣẹ́ yìí. Ohun tó yẹ kí ẹ máa rí nìyí:

1. Á bi yín léèrè orúkọ yín, á wò ó mọ́ fọ́ọ̀mù, á sì ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbà.
2. Á fọ ọwọ́, á wọ ìbọ̀wọ́ tuntun.
3. Á so okùn rọ́bà mọ́ apá yín, bí ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún sókè ibi tó fẹ́ gún, kí iṣan lè yọ. Okùn yẹn kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú méjì lọ.
4. Á fi òwú àti sípírítì nu ojú ibẹ̀, á sì dúró kó gbẹ. Lẹ́yìn èyí, kò tún gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ ibẹ̀ mọ́.
5. Á já abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín. Tí ọ̀rá rẹ̀ bá ti ya tẹ́lẹ̀, ẹ ní kó mú òmíràn.
6. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó, á kọ́kọ́ tú okùn rọ́bà kó tó yọ abẹ́rẹ́. Á fi òwú gbígbẹ tẹ ojú ibẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ na apá yín gbọọrọ. Ẹ má ká a, nítorí ìyẹn ló sábà máa ń jẹ́ kó wú tàbí kó dúdú.
7. Abẹ́rẹ́ náà á bọ́ sínú àpótí abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ dé e padà. Àpótí yẹn kò sì gbọ́dọ̀ kún àkúnwọ́sílẹ̀. Tó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, pípa ni wọ́n ń pa á dé.
8. Á kọ orúkọ àti nọ́ńbà yín sára ìgò níwájú yín, kí ẹ tó dìde.

Ìbéèrè 4: Ṣé ènìyàn lè kó HIV níbi tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀?

Ìdáhùn: Tí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ tuntun, rárá. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ní abúlé Roka, ní orílẹ̀-èdè Cambodia, ní ìparí ọdún 2014, àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé HIV ti wọ ara ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n lé ní 200, tọmọdé tàgbà. Ọkùnrin kan tí kò ní ìwé àṣẹ ló ń tọ́jú wọn, tó ń tún abẹ́rẹ́ lò. Ilé ẹjọ́ fi í sẹ́wọ̀n ọdún 25 ní ọdún 2015. Ní ọdún 2019, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ratodero, ní Pakistan, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ti kó o.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òkukù bi wá pé, "Ẹni tó ní kẹ́mísìtì ládùúgbò wa máa ń fa ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́?" Ẹ má fi apá yín fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ náà, bó ti wù kó múra tó. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ibi àyẹ̀wò tó ní àṣẹ.

Abẹ́rẹ́ tún lè ṣèèṣì gún òṣìṣẹ́. Nínú 1,000 irú ìgúnni bẹ́ẹ̀ tí HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, bíi 3 ló ń yọrí sí kíkó o. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Kí onítọ̀hún fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, kó sì sáré wá oògùn ààbò. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, kó sì lò ó fún ọjọ́ 28. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ yín tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ abẹ́rẹ́ lórí ààtàn: ẹ má fi pamọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè 5: Kí ló dé tí ẹ̀ ń tẹnu mọ́ orúkọ ara ìgò tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti lè ba ayé ènìyàn jẹ́. Táíwò mélòó ló wà ní Ìkìrun? Kẹ́hìndé mélòó? Ẹ jẹ́ ká sọ pé Táíwò méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láàárọ̀. Òṣìṣẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, ó kó ìgò méjèèjì sórí tábìlì, ó ní òun á kọ orúkọ tóun bá ráyè. Tí ó bá gbé ti ọ̀kan fún èkejì, ẹni tí ara rẹ̀ le á gba èsì àìsàn, ìdílé rẹ̀ lè dàrú. Ẹni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú á gba èsì pé kò sí nǹkan, á máa rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ẹ̀rọ láàbù kò lè mọ̀ pé wọ́n ti gbé e fún ara wọn.

Nítorí náà, òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ bi yín pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Táíwò?" Ẹni tó ti jókòó láti àárọ̀, tó ti rẹ̀, á kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó yẹ kó sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín?" Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ yín àti ti bàbá yín, ọjọ́ orí, àti nọ́ńbà káàdì. Tó bá kọ ọ́ tán, ẹ ní kó fi hàn yín. Kì í ṣe àrífín.

Ìbéèrè 6: Lẹ́yìn náà, ibo ni wọ́n ń gbé e lọ?

Ìdáhùn: Èyí ni ìbéèrè ìyá wa ti Ìníṣà. Àwọn àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n lè ṣe ní ilé ìwòsàn tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n viral load nílò ẹ̀rọ ńlá tí kì í sí ní gbogbo ìlú, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ náà lè rìnrìn àjò. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ elése àlùkò ni wọ́n sábà máa ń fi gbà á. Oògùn wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Òṣìṣẹ́ á rọra yí i sókè yí i sísàlẹ̀ bí ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí oògùn náà lè kárí. Kò gbọ́dọ̀ mì ín jìgìjìgì, torí ẹ̀jẹ̀ á bàjẹ́.

Wọ́n á fi ọ̀rá tí kò lè jò wé e, wọ́n á gbé e sínú kúlà. Ẹ̀rọ kan á yí i bí òòyì títí omi rẹ̀ á fi yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ pupa. Èyí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju wákàtí 24 lọ lẹ́yìn tí wọ́n fà á, àwọn ẹ̀rọ mìíràn sì ń fẹ́ kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní Òkukù, tó ń gba Ìníṣà àti Ìkìrun lọ sí Òṣogbo. Tí wọ́n bá gbé e sínú oòrùn nínú ọkọ̀ tó ń dúró de èrò, ó lè má wúlò mọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá wá ní kí ẹ padà wá fún òmíràn, ẹ má bínú, ẹ má sì rò pé nǹkan burúkú ni wọ́n rí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà dì tàbí ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Ìbéèrè 7: Wọ́n gún mi lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí iṣan. Ọmọ mi sì máa ń dákú tó bá rí ẹ̀jẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ mu omi dáadáa kí ẹ tó wá, kí ẹ sì jẹun, àfi tí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹ. Bí ẹnì kan bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí i, ẹ ní kó pe ẹlòmíràn. Ẹni tó máa ń dákú, kó sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bá ọmọ purọ́ pé kò ní dùn ún. Ẹ sọ fún un pé á ta á díẹ̀, pé kì í pẹ́, kí ẹ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìbéèrè 8: Ta ló máa rí èsì mi?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin, àti àwọn tó ń tọ́jú yín nìkan. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 lórí HIV kò gbà kí wọ́n tú àṣírí yín síta, kò sì gbà kí wọ́n fi àyẹ̀wò HIV ṣe òṣùwọ̀n fún gbígbani síṣẹ́.

Ìbéèrè 9: Mò ń lo oògùn mi, ara mi le. Kí ni mo tún ń fa ẹ̀jẹ̀ sí?

Ìdáhùn: Ara líle kò lè sọ iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́. Tí oògùn bá ti dá kòkòrò náà lọ́wọ́ kọ́ débi pé ẹ̀rọ kò rí i mọ́, tó sì dúró bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní kó o ran ẹni tí ẹ jọ ń sùn. Ẹ lè fẹ́ ọkọ, ẹ lè fẹ́ aya, ẹ sì lè bí ọmọ tí kò ní HIV. Tí kòkòrò bá tún ń pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ sọ, kí àìsàn tó dé. Ẹni tó sá fún ṣíbí tíì kan, ìròyìn yìí ló sá fún.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà míì tí ẹ bá na apá yín, ẹ wo nǹkan mẹ́rin: ìbọ̀wọ́ tuntun, abẹ́rẹ́ tí wọ́n já lójú yín, àpótí abẹ́rẹ́ nítòsí, àti orúkọ yín lára ìgò kí ẹ tó dìde. Tí ọ̀kan bá kù, ẹ béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ fún ará ilé yín kà.