Ó Rẹ̀ Mí, Mo Sì Ń Gbàgbé: Kí Ni Kí N Ṣe Kí N Tó Ra Fítámínì?

Ibi kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:4-8

Ẹ̀kọ́ wa dá lórí ohun méjì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ráhùn lé lórí: àárẹ̀ tí kì í tán lára, àti ìgbàgbé. Ẹni tó ń jí dáná ní aago mẹ́rin ìdájí ní Ìsọlọ̀, tó ń bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yí lọ yí bọ̀, kò sí bí kò ṣe ní rẹ̀ ẹ́. Bó bá sì dé Òṣòdì, àwọn tó ń polówó oògùn á ní inú ìgò kékeré ni agbára àti ìsọ̀yè wà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nígbà tí ó rẹ Èlíjà débi pé ó ń tọrọ ikú, oúnjẹ, omi àti oorun ni ó kọ́kọ́ rí gbà, lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó rin ìrìn ogójì ọjọ́. Ara ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

1. Ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó wá oògùn. Àmì ni àárẹ̀ àti ìgbàgbé. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àìsùn tàbí ìbànújẹ́ ọkàn lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà pariwo. Ìyá kan lè máa mu oògùn alágbára fún ọdún kan gbáko, kí owó máa lọ, kí àrùn sì máa jinlẹ̀. Ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìsọlọ̀ tàbí èyí tó sún mọ́ yín, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà yín wò. Bí ìfúnpá yín bá ń dé 140/90 lemọ́lemọ́, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn.

2. Ohun tí Ìdíkàn kọ́ wa. Lọ́dún 1992, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ṣíṣarán láàárín àwọn àgbàlagbà ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àbájáde tó jáde ní 2001 fi hàn pé, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, iye tí àrùn náà ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 n'Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ lára àwọn ará Ìbàdàn tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí míì níbẹ̀ sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ṣarán. Ẹni tó ń tọ́jú ìfúnpá rẹ̀, iyè rẹ̀ ló ń tọ́jú.

3. Fítámínì inú ìkòkò. Ẹja, ẹyin, ẹran àti wàrà ní fítámínì B12. Bí èyí bá tán lára, ènìyàn lè máa gbàgbé, kí ẹsẹ̀ sì máa ta bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un. Ẹ̀wà, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti ugwu ní ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ má bọ ẹ̀fọ́ jù, kí ẹ má sì da omi rẹ̀ nù. Ẹ fi ọsàn tẹ̀ lé oúnjẹ. Ẹ má fi tíì tẹ̀ lé e, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara gba ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá dáadáa.

4. Ta ni oníhóró yẹ fún? Aboyún, ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé nǹkan dín lára rẹ̀, àti ẹni tó ti pẹ́ lórí oògùn àtọ̀gbẹ tí a ń pè ní metformin: kí onítọ̀hún bi dókítà nípa B12. Ìwádìí l'Amẹ́ríkà ní 2023 àti 2024 rí i pé fítámínì alápapọ̀ ran iyè àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́ díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Àpọ̀jù sì léwu: fítámínì A tó pọ̀ jù lè pa ọlẹ̀ inú lára, oògùn ẹ̀jẹ̀ àgbà sì lè pa ọmọdé. Ẹ gbé e jìnnà sí ọwọ́ ọmọ.

5. Níbo ni kí a ti rà á? Òfin 1999 ka títa oògùn nínú ọkọ̀ àti ní gáréèjì léèwọ̀. Ẹ rà á ní ilé ìta-oògùn, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. NAFDAC kò jìnnà sí wa. Ọ́fíìsì wọn wà ní Ìsọlọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò sọ pé oògùn ń la iyè. Ẹ ka ara páálí àgbo: ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.

6. Ohun tí a kò fi owó rà. Ẹ sùn tó wákàtí méje bí ó bá ṣeé ṣe. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ jọ. Ẹ máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ máa kọ́ orin àti Sáàmù sórí, kí ẹ má sì dá nìkan jókòó.

Fún ìjíròrò:
(a) Ìgbà wo ni a yẹ ìfúnpá wa wò kẹ́yìn?
(b) Ta ni nínú ilé lè gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ìyá, kí ó lè sùn?
(d) Ṣé ẹgbẹ́ wa lè pe nọ́ọ̀sì wá yẹ ìfúnpá wa wò lẹ́yìn ìpàdé?

Kí Olúwa fún wa ní ara líle àti iyè pípé.