Ta ló ń gbé inú kókó ara ìrókò?

Tí ẹ bá gba ọ̀nà oko ní Okeluse, tí ẹ rí ọmọ igi ìrókò tí kò ga ju orúnkún lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ọ̀mùnú rẹ̀ dáadáa. Ẹ lè bá àwọn kókó tútù roboto lára ẹ̀. (Kókó ni mo wí o, kì í ṣe kòkó tí bàbá yín ń sá sóòrùn!)

Mo ti gbọ́ ọ rí pé ìrókò ni kò fẹ́ kí ọmọ aráyé gbin òun. Rárá o. Nǹkan kan ló ń gbé inú kókó yẹn.

Kòkòrò tíńtín kan ni, Phytolyma lata lorúkọ rẹ̀. Abo rẹ̀ máa ń yé ẹyin sára ọ̀mùnú àti ewé tútù. Tí ẹyin bá pa, ọmọ á rìn díẹ̀, á wá gbẹ́nu wọ inú ewé. Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: kòkòrò kọ́ ló ń kọ́lé, ìrókò fúnra ẹ̀ ló ń kọ́ ọ fún un! Bó ṣe ń fa omi ara ewé mu, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á máa pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á wú bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ilé rèé, oúnjẹ rèé. Inú ibẹ̀ ló máa wà títí yóò fi dàgbà.

Ìgbà tí kókó bá là, tí kòkòrò fò jáde, ni wàhálà gan-an bẹ̀rẹ̀. Èéhù á gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ọ̀mùnú á jẹrà, igi á máa gbẹ látòkè wá sísàlẹ̀. Ìrókò ńlá lè fara dà á. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń kú. Ìdí nìyí tó fi ṣòro láti gbin ìrókò nìkan sójú kan bí wọ́n ṣe ń gbin tíìkì: kòkòrò á kàn máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Bẹ́ẹ̀ àwọn agégẹdú ò dúró dè wá.

Àwọn onímọ̀ ní Gánà ti gbìyànjú ọ̀nà méjì tí mo fẹ́ràn. Wọ́n ń gbin ìrókò káàkiri láàárín àwọn igi mìíràn, lábẹ́ ìbòòji. Wọ́n sì ń wá ìrókò tí kòkòrò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí gbéṣe, kí wọ́n lè mú irúgbìn lára rẹ̀.

Ìrẹsì náà ní tiẹ̀ o. Orseolia oryzivora, tó jọ ẹ̀fọn, máa ń sọ ọ̀mùnú ìrẹsì di ọ̀pá oníhò bí ewé àlùbọ́sà. Èyí tó bá ti dà bẹ́ẹ̀ kò ní so mọ́.