Ẹ Má Ṣe Dá A Gbé

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfaradà ti sú yín. Lọ́dún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ, a ní kí ẹ ṣe sùúrù. Ẹ gboyè, ẹ ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ kò sí, a tún ní kí ẹ ṣe sùúrù. Sùúrù dára, n kò ní kí ẹ jù ú nù. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ yín gbà pé ẹni tó bá ń fara dà á kò gbọdọ̀ sọ pé ó ń dun òun. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹni tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ọ̀lẹ, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì kéré. Ara rẹ̀ kò yá ni. Ta ló ń tijú dókítà nítorí ibà?

Ẹ̀rù Àrò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta, ń bà yín, nítorí orúkọ ibẹ̀ la fi ń búni. Bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ibẹ̀ máa mú orí wa wú. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí àwọn dókítà òkè òkun wá kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Kò ti aláìsàn mọ́lé. Ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí Àrò ká ni aláìsàn ń gbé, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan á sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Á lọ gba ìtọ́jú, á padà sáàárín èèyàn, á bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Oògùn ṣe tirẹ̀, èèyàn ṣe tirẹ̀. Èèyàn yìí gan-an ló wọ́n yín lónìí. Nínú agbo ilé, ìyá àgbà á ti mọ ẹni tí kò jẹun láàárọ̀. Ẹ̀yin ń dá gbé yàrá, fóònù yín nìkan ló mọ̀ pé ẹ kò sùn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní ayé sú òun, ẹ má fi ìtàn ìyà tí ẹ jẹ dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yin ọmọ, bí èrò àtigbẹ̀mí ara ẹni bá wá, ẹ má ṣe dá sùn lọ́jọ́ náà. Ẹ pe ẹnìkan, kó sìn yín lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ń tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní Àrò, ní Yábàá, ní UCH n'Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ.